HÍTÀ KÉKERÉ, WÁYÀ TÓ NÍPỌN

Ọyẹ́ òkè Jos kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìbàdàn tàbí ti Òṣogbo. Ìlú tí a wà yìí ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ, òwúrọ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ sì lè tutù dé nǹkan bí 12°C. Ẹni tí ó bá ti ilé wá, tí ó bu omi ẹ̀rọ sójú láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, kò ní í bèèrè ìdí tí a fi ń wá omi gbígbóná. Nítorí náà, a kò sí lẹ́yìn àwọn tí ń wí pé ọ̀lẹ ni ó ń gbé omi kaná kí ó tó bọ́jú. Ohun tí ó ká wa lára ni ọ̀nà tí a ń gbà gbé e kaná.

Gbogbo wa ni a mọ ríìngì. Irin rírọ́ ni, bí ejò tó ká jọ, tí a ń kì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ méjì péré. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri wa sì rèé, ihò mẹ́ta ni ó ní, ihò òkè sì ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn àwọn méjì ìsàlẹ̀. Kí ni a máa ń ṣe? A ó mú ìdérí bírò, a ó fi ti ihò òkè náà, a ó sì ki ẹsẹ̀ méjì ríìngì wọlé. Ó ti tàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ihò òkè yẹn wà fún? Ihò wáyà ilẹ̀ ni, èyí tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Òun ni ó ń gba iná tó bá yapa, tí ó ń kó o lọ sínú ilẹ̀ kí ó má bàa gba ara ènìyàn kọjá. Ọlọ́dẹ ilé ni, àwa sì ni a ń fi bírò dè é mọ́lẹ̀ kí a lè ráàyè wọlé.

Bí ríìngì bá ti pẹ́, irin tó bo inú rẹ̀ lè sán. Ní ọjọ́ tí ó bá sán, omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì di iná. Ojú kò lè rí i, imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ tọ́ ọ wò bóyá ó ti gbóná ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, ọwọ́ tútù sì ni yóò fi mọ̀ ọ́n. Nǹkan bí 30 mílíámpù tí ó bá gba àyà kọjá lè pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ríìngì 1,000 wáàtì ń gba iná tí ó ju 4 ámpù lọ, èyí tí ó fi ìlọ́po 140 ju ìyẹn.

Ewu kejì wà tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa níbí gan-an. A fi ríìngì sómi, wọ́n mú iná lọ. A kò yọ ọ́, nítorí a kò mọ ìgbà tí iná yóò dé, a sì gba kíláàsì lọ. Ní aago mẹ́wàá, wọ́n dá iná padà. Ríìngì kò mọ̀ pé onílé ti jáde. Omi yóò hó, yóò gbẹ, bọ́kẹ́ẹ̀tì onírọ́bà yóò yọ́, bẹ́ẹ̀ ni mátírẹ́ẹ̀sì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tí ó ni ríìngì lè ti wà ní kíláàsì nígbà náà. Ẹni tí ó ń sun oorun àìsàn ní yàrá kejì ni iná yóò bá nílé.

Àwọn aláṣẹ họ́sítẹ́ẹ̀lì náà mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ yàrá tí wọ́n ń kó ríìngì. Wọ́n kó o lónìí, a tún ra òmíràn lọ́la, a sì kọ́ bí a ti í fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ìfòfindè kò mú òtútù lọ. Ohun tí ó bá ń ṣe ènìyàn láàárọ̀ gbogbo, ó ní láti ní ọ̀nà tí ó tọ́ tí a ó gbà ṣe é. Bí kò bá ní, ọ̀nà ẹ̀yìn ni a ó máa gbà.

Èrò wa rèé: kí àwọn tí ó wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà, tàbí nínú ilé kan náà tí wọ́n jọ háyà níta, da owó pọ̀, kí wọ́n ra hítà kékeré kan ṣoṣo sí síńkì tí gbogbo wọn ń lò. Kí wọ́n sì ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà sórí wáyà, kì í ṣe sórí hítà. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà, nítorí hítà ń dán, ojú sì ń rí i. Inú ògiri ni wáyà ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò owó iná, nítorí àwọn kan yóò ní ríìngì ni ó dínwó jù. Láti mú lítà omi 10 láti 15°C dé 40°C, iye iná tí yóò jẹ kò tó ìdá mẹ́ta yúnìtì kan, ó tó nǹkan bí 0.29. Ìbáà jẹ́ ríìngì, ìbáà jẹ́ hítà, iye kan náà ni omi yóò gbà. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè fi ẹnu dídùn tan omi jẹ. Ní oṣù Igbe 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A dé 225 náírà fún yúnìtì kan, iná bọ́kẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ nǹkan bí 65 náírà. Iye yẹn ti ń yí láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò yí. Ẹni tí ó bá sọ pé ríìngì dínwó, owó tí a fi rà á ní ọjà ló ń sọ. Kò ka bọ́kẹ́ẹ̀tì tó yọ́, kò ka sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jó, kò sì ka ènìyàn.

Ẹ tún wo ẹrù tí ríìngì ń gbé lé wáyà ilé lórí. Yàrá mẹ́fà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ríìngì kọ̀ọ̀kan 1,000 wáàtì, gbogbo wọn sì fẹ́ bọ́jú ní aago mẹ́fà àárọ̀: 6,000 wáàtì nìyẹn. Ní 230 fólítì, ó jẹ́ 26 ámpù. Bí wáyà kan náà ni ó ń bọ́ gbogbo yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí kò sì nípọn tó, inú ògiri ni yóò ti máa gbóná. Ẹ má sì gbàgbé pé bí iná inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Hítà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ 2,000 wáàtì kò gbà ju 9 ámpù lọ.

Irú hítà wo ni kí a rà? Oríṣi méjì ni ó pọ̀ ní ọjà. Èkíní kò ní táńkì: bí omi ti ń kọjá ni ó ń gbóná. Ó kéré, ó lẹ́wà, àwọn tí ń tà á sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Kí omi lítà 3 ní ìṣẹ́jú kan tó lè kúrò ní 15°C dé 40°C, hítà náà ní láti jẹ́ nǹkan bí 5,200 wáàtì. Ìyẹn jẹ́ 23 ámpù, bẹ́ẹ̀ 13 ámpù péré ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri lè gbà. Ó tún ń fẹ́ omi tí ó ń ti ẹ̀rọ wá pẹ̀lú agbára. Ta ni nínú wa ni omi ẹ̀rọ rẹ̀ ń jáde pẹ̀lú agbára ní aago mẹ́fà àárọ̀? Èyí tí wọ́n ń tà fún wa pé 3,000 wáàtì ni kò ní í ṣe ju kí ó mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí a bá sì ṣí ẹ̀rọ dáadáa, òtútù ni yóò máa jáde.

Èkejì ni ó ní táńkì: lítà 10 tàbí 15, tí a lè gbé kọ́ òkè síńkì tàbí kí a fi sábẹ́ rẹ̀. A ní láti sọ fún ẹni tí ń tà á èyí tí a fẹ́, nítorí ibi tí páìpù ti ń wọlé lára ti òkè kò bá ti ìsàlẹ̀ mu. Èyí ni ó yẹ wá. Bí ó bá jẹ́ 2,000 wáàtì, yóò mú lítà 10 láti 15°C dé 60°C ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Lítà 10 náà, bí a bá fi lítà 8 omi tútù là á, ó di lítà 18 ní 40°C. Ènìyàn mẹ́sàn-án yóò bọ́jú, lítà méjì-méjì. Kí wákàtí kan tó pé, ó lè gbóná ní ẹ̀ẹ̀mẹta dáadáa. Bí wọ́n bá mú iná lọ, omi tí ó ti gbóná kò ní í tutù lójijì, nítorí pé a fi nǹkan tí ó ń dá ooru dúró bo táńkì náà. Bí iná bá sì wá láìlágbára, tí gílóòbù ń ṣe bí iná àtùpà, hítà náà yóò ṣe é, ṣùgbọ́n yóò pẹ́: ní 180 fólítì, 2,000 wáàtì yẹn kò ju nǹkan bí 1,225 lọ mọ́, ìṣẹ́jú 16 yóò sì di 26. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé hítà ti bàjẹ́. Iná ni kò tó.

Ohun méjì ni kí a wò lára rẹ̀ kí a tó sanwó. Èkíní ni thermostat, ohun tí ń já iná fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá ti gbóná tó. Èkejì ni ẹnu ìmí kékeré tí ó wà níbi tí omi tútù ti ń wọlé. Omi máa ń wú bí ó bá gbóná: lítà 10 láti 15°C dé 60°C ń wú tó nǹkan bí 150 mílílítà. Ibi ẹnu ìmí yẹn ni ó ti ń kán jáde. Ẹ̀yin ará, a ti rí ilé tí wọ́n ti fi rọ́bà di ẹnu náà pa nítorí pé “ó ń jò.” Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Kì í ṣe pé ó ń jò, ó ń mí ni. Táńkì tí kò bá rí ibi mí lè bẹ́. Bákan náà, ẹ má tan hítà kí omi tó kún inú rẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, kí omi jáde láìdáwọ́dúró, kí ẹ tó tẹ súìṣì. Nínú ilé tí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ wá, òfin yìí ni kí a kọ sára ògiri.

Ní báyìí, ó ku wáyà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Wáyà hítà gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan, láti inú àpótí bíréékà tààrà dé ẹ̀gbẹ́ síńkì. Kí ó má ṣe bá sọ́kẹ́ẹ̀tì pín, kí ó má ṣe bá gílóòbù pín, kí ó má sì ṣe ti ara ẹ̀kísítẹ́ńṣàn wá rárá. Fún 2,000 wáàtì, wáyà bàbà tí ó jẹ́ 2.5 àti bíréékà 16 ámpù tó o. Bí ó bá jẹ́ 3,000, kí a lo 4 àti bíréékà 20. Ẹni tí ó bá sì ta kú pé elẹ́ẹ̀kẹsẹ̀ 6,000 wáàtì ni òun fẹ́, kí ó múra wáyà 6 àti bíréékà 32. Wáyà 1.5 tí a fi ń tan gílóòbù kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé òun ni ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ oníná. Ẹ sì fi ọ̀bẹ ha ojú wáyà náà kí ẹ tó rà á. Bí inú rẹ̀ bá funfun lábẹ́ àwọ̀ bàbà, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà pa lójú. Ẹ dá a padà.

Súìṣì hítà ni kí ó jẹ́ èyí tí ń já wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí iná ń bá wá àti èyí tí iná ń bá padà, kí ó sì jìnnà sí síńkì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù kò ní í lè nawọ́ kàn án. Wáyà mẹ́ta ni kí ó wọnú hítà, kì í ṣe méjì. Ní ilé àtijọ́, pupa ni iná ń bá wá, dúdú ni ó ń bá padà, aláwọ̀ ewé ni ti ilẹ̀. Ti òde òní ni búráùn, búlúù, àti aláwọ̀ ewé tí ó ní ìlà yẹ́lò. Bí oníná bá gé ẹ̀kẹta sọnù, tí ó ní “kò pọn dandan,” ẹ sanwó ọkọ̀ fún un kí ó máa lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan òkè Jos ní pàtàkì nìyí. Ilẹ̀ tútù ni ó ń gba iná dáadáa. Ní àsìkò ọyẹ́, ilẹ̀ ti gbẹ, ó ti le, àpáta sì pọ̀ níbí. Ìyẹn ni pé ní oṣù tí a ń lo hítà jù lọ gan-an ni wáyà ilẹ̀ wa kò lágbára tó. Nítorí náà, wáyà ilẹ̀ nìkan kò tó. Bíréékà lásán kò sì lè gbà wá, nítorí wáyà ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe ènìyàn. Bíréékà 16 ámpù kò ní í mira fún 30 mílíámpù tí ó lè pa wá. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí àwọn oníná ń pè ní RCD. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa wò ó bóyá iná tí ó lọ dọ́gba pẹ̀lú iná tí ó bọ̀. Bí èyí tí ó yapa bá ti tó 30 mílíámpù, ó já a kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Owó rẹ̀ ju ti bíréékà lásán lọ. Bí owó kò bá tó, ẹ ra hítà tí ó kéré sí i. Ẹ má yọ RCD kúrò. Ohun tí a ń pè ní hítà kékeré, wáyà tó nípọn, nìyẹn.

Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà? A ní àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ó ń kọ́ ìmọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná láàárín wa. Kí wọ́n bá wa ka ìwé ohun tí a fẹ́ rà, kí wọ́n sì dúró ti oníná nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fọwọ́ kan àpótí bíréékà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí. Àjọ NEMSA, tí òfin ọdún 2015 gbé kalẹ̀, ni ìjọba gbé àyẹ̀wò iṣẹ́ iná lé lọ́wọ́, òun náà ni ó sì ń fún àwọn oníná ní ìwé-ẹ̀rí. Kò sí ìtìjú nínú pé kí a ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ fi ìwé yín hàn wá.” Oníná tí ó mọṣẹ́ kò ní í bínú.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní onílé tàbí aláṣẹ họ́sítẹ́ẹ̀lì kò ní í gbà. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń gbé lọ bá wọn: ríìngì mẹ́fà ni a fẹ́ fi lélẹ̀ kí a lè gba hítà kan. Onílé tí ó bá ní làákàyè yóò rí i pé ilé òun ni a ń gbà sílẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ohun àjọni kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan tí yóò máa tẹ bọ́tìnnì ìdánwò ara RCD lóṣooṣù, tí yóò sì máa pa súìṣì nígbà tí gbogbo ilé bá ti gba kíláàsì lọ.

Omi àti iná kì í ṣe àlejò ara wọn lórí òkè yìí. Ọdún 1929 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ NESCO sílẹ̀, omi tí ń já láti orí àpáta ni wọ́n sì fi ń ṣe iná fún ibi ìwakùsà tánńganran nígbà náà. Wọ́n là ọ̀nà fún omi, wọ́n là ọ̀nà fún iná, olúkúlùkù sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa ni àwọn méjèèjì yóò ti pàdé láìsí onílàjà.

Ohun tí a ń bẹ̀ ẹgbẹ́ wa fún kò pọ̀. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí a yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀. Kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan bẹ̀rẹ̀, kí àwọn yòókù wò ó. Kí ẹni tí ó bá sì ní ríìngì lónìí má fi bírò ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, kí ó má sì fi í sílẹ̀ lójú iná kí ó jáde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí a fi omi ìwẹ̀ kú. Ire o.